Àtúnṣe ọpọ́n ìwẹ̀ onífáíbà

Àtúnṣe ọpọ́n ìwẹ̀ onífáíbà ni iṣẹ́ dídí ibi tó bó, tó sán tàbí tí nǹkan ha lára ọpọ́n ìwẹ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe. Fáíbà jẹ́ fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n fi oje kẹ́míkà kan, polyester resin, dì pọ̀. Awọ dídán tó bo ojú rẹ̀ ni gelcoat. Awọ yìí kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí omi dé ibi fọ́nrán. Bí ó bá bó tí wọn kò dí i, omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ọpọ́n á fi máa jò. Pípààrọ̀ ọpọ́n sì sábà máa ń gba fífọ́ táìlì àti ògiri.

Àyẹ̀wò
Bí fọ́nrán bá hàn síta, tàbí tí ibẹ̀ ń tẹ̀ wọlé lábẹ́ ọwọ́, gelcoat nìkan kò tó. Aṣọ fáíbà tí wọ́n rẹ sínú resin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀nà àtúnṣe
Wọ́n á fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n á fi sáńpépà ha etí rẹ̀, wọ́n á sì fi acetone nù ún. Hardener tí wọ́n ń pò mọ́ gelcoat kì í sábà ju ìdá 1 sí 2 nínú 100 lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ojú ibẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, nítorí atẹ́gùn kì í jẹ́ kí ojú gelcoat le dáadáa. Bí ó bá le tán, wọ́n á fi sáńpépà 400, 600 àti 1000 pẹ̀lú omi yọ́ ọ títí yóò fi dán.

Pọ́tì tí àwọn páńẹ́lì-bítà fi ń dí ara ọkọ̀ máa ń fa omi mu; kò yẹ kí ó wà nínú ọpọ́n láìsí gelcoat lórí rẹ̀.

Ojú ọjọ́
Ní Kabba, ìlú àwọn Owé ní ilẹ̀ Yorùbá Okun, Ìpínlẹ̀ Kogí, eruku ọyẹ́ lè lẹ̀ mọ́ gelcoat tútù, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì lè má jẹ́ kí ó lẹ̀ dáadáa. Ooru máa ń mú kí àpòpọ̀ tètè le; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po ó níwọ̀nba.

Ààbò
Hardener lè fọ́ ènìyàn lójú. Resin àti acetone tètè máa ń gbiná, òórùn wọn sì lè fa orí fífọ́. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí iná má sí nítòsí, kí oníṣẹ́ sì lo ìbọ̀wọ́, ìbomú àti awò ìdáàbòbò ojú.