Ìpéǹpéjú Tí Ń Wálẹ̀

Bí ọmọ kan ní kíláàsì ní Ikotun tàbí Egbeda bá kàwé ketekete ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ bí ó ti ń kà á lọ, àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ a máa yára pè é ní ọ̀lẹ. Ìdájọ́ yìí lè jẹ́ ìwà ìkà, nítorí pé àìsàn kan wà tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Iṣan ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ bá ẹran ara. Nígbà tí àṣẹ bá dé ìpẹ̀kun iṣan, iṣan a tú oje kan jáde tí a ń pè ní acetylcholine. Oje yìí a kan ilẹ̀kùn tí ó wà lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ẹran ara. Ilẹ̀kùn a ṣí, sodium inú iyọ̀ a wọlé, ẹran a sì súnkì.

Ege márùn-ún ni a fi kan ilẹ̀kùn náà. Jíìnì, èyíinì ni àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara, ni ó ń sọ bí a ó ti ṣe ege kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ni ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ CHRNE. Bí ọmọ bá jogún CHRNE tí ó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ilẹ̀kùn rẹ̀ a ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí lè ṣàì ní àmì kankan, gẹ́gẹ́ bí AS méjì ti ń bí SS. Ní Algeria àti Tunisia, àbùkù CHRNE kan náà ni a rí nínú ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ìtàn oògùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítòsí wa. Ní Calabar láyé àtijọ́, àwọn Efik a máa fún ẹni tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní èso esere jẹ. Ọ̀pọ̀ ni ó pa. Nínú èso apani yìí ni a ti yọ physostigmine ní 1864. Ara ní ohun kan tí ń gbá oje iṣan kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Physostigmine a dá a dúró, kí oje lè pẹ́ níbẹ̀. Ní 1934, dókítà Mary Walker ní Greenwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í tọ́jú obìnrin kan tí ẹran ara rẹ̀ ti rọ, agbára rẹ̀ sì padà fún ìgbà díẹ̀. Àìsàn ti obìnrin náà kì í ṣe àjogúnbá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ni.

Pyridostigmine, tí ó jẹ́ ìbátan oògùn náà, ń ran púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lónìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn rà á fún ọmọ: oríṣi àbùkù CHRNE kan wà tí ilẹ̀kùn fi ń pẹ́ kí ó tó tì, oògùn yìí a sì mú un burú sí i. Dókítà ni yóò mọ ìyàtọ̀. Òbí ní agbègbè wa lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba Alimosho tí ó wà ní Igando. Olùkọ́ sì lè kọ wákàtí tí ojú ọmọ ń wálẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, àti bí ìsinmi ti ń mú un sọjí.