Ẹja Wúrà àti Ìṣáwùrú

Ẹja wúrà jẹ́ ẹja omi dídùn. Ó ti lé ní 1,000 ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn ín nítorí ẹwà rẹ̀. Inú àpótí gíláàsì ni a máa ń sìn ín sí nínú ilé. Àwọn mìíràn a máa fi ìṣáwùrú sínú omi kan náà.

Kí ni iṣẹ́ ìṣáwùrú níbẹ̀? Ó ń jẹ ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù sára gíláàsì àti oúnjẹ tí ẹja jẹ kù. Ṣùgbọ́n ẹja wúrà a máa gbé ìṣáwùrú kéékèèké mì. Èyí tí kò lè wọ ẹnu ẹja ni kí a yàn.

Ìṣáwùrú náà ń yàgbẹ́ sínú omi, nítorí náà kò lè bá wa ṣe gbogbo iṣẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó bu ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà dànù, a ó sì fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, a ó kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ nínú garawa fún ọjọ́ kan, kí oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè pa ẹja.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe lọ ṣa ìṣáwùrú lódò o! Àwọn ìgbín omi kan wà tí kòkòrò àtọ̀sí ajá ń dàgbà nínú wọn. Kòkòrò yìí a máa jáde sínú odò, a sì gba awọ ara wọ inú ènìyàn. Ẹni tó bá mú a máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń sìn wọ́n nílé ni kí ẹ ti gbà wọ́n.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìṣáwùrú ń jẹ nínú àpótí?
2. Kí ló dé tí a fi ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan?
3. Àrùn wo ni ènìyàn lè kó lódò?