Aṣọ òrùlé mọ́tò tó ń já: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù rẹ́ yín jẹ o!

Ẹ yọjú wo inú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn nígboro Èkó, ohun tẹ́ ẹ máa rí lókè lè pa yín lẹ́rìn-ín. Aṣọ tó yẹ kó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ òrùlé á ti wú bíi búrẹ́dì, á wá sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó ń wa mọ́tò ò ní í rí ẹ̀yìn dáadáa mọ́ nínú dígí, èérún fóòmù á sì máa já sórí gèlè ìyàwó ẹ̀. Àwọn mìíràn á fi píìnì gún un káàkiri, wọ́n á láwọn ti tún un ṣe. Àtúnṣe wo nìyẹn?

Oòrùn ló ń fà á. Kì í sábà jẹ́ aṣọ gan-an ló ń bàjẹ́, fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, á di lẹ́búlẹ́bú. Kí laṣọ ọ̀hún tún fẹ́ dì mú? Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún 1975 ò ní irú wàhálà yìí, wáyà ni wọ́n fi gbé aṣọ òrùlé tiẹ̀ dúró, tí wọ́n sì nà án bí awọ ìlù.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ rèé. Oníṣẹ́ kan á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kàn bá yín lẹ̀ ẹ́, kò le rárá." Ọ̀gá á bi í pé, "Ṣé kò ní í já o?" "Há, ọ̀gá, ó di gbére!" Gbére ọ̀hún kì í pẹ́ tó fi ń dópin, nítorí orí lẹ́búlẹ́bú ló fi gọ́ọ̀mù sí.

Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tú iná inú mọ́tò, ọwọ́ ìdìmú àtàwọn ike ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó tó rọra yọ pátákó òrùlé síta. Á fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí tí fóòmù àtijọ́ ò fi ní í kù. Á fi gọ́ọ̀mù sára pátákó àti ẹ̀yìn aṣọ tuntun, á dúró díẹ̀ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni á máa tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Aṣọ tó ní fóòmù tiẹ̀ lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ rà, nítorí gọ́ọ̀mù máa ń yọ síta lára aṣọ kọ́tìnnì. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí, torí gọ́ọ̀mù yẹn máa ń tètè gbiná.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wá kù. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé ló ní airbag tí wọ́n ká pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé, lẹ́yìn pátákó yẹn gan-an. Bí oníṣẹ́ bá já wáyà ẹ̀, tàbí tó fi gọ́ọ̀mù tàbí ìṣó de ike tó bò ó, ó lè má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí wọ́n sì ní sùúrù díẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ẹ dúró ti oníṣẹ́ yín títí tẹ́ ẹ máa fi rí pátákó níta. Bó bá lóun ò ní í yọ ọ́, ẹ yáa gba kọ́kọ́rọ́ yín. Owó tẹ́ ẹ bá ṣọ́ lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa san án lọ́la.