Máníjà Àgbà: Ojú Tó Ń Rí Àṣàmú Kí Ayé Tó Rí I

Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, èèyàn tó lé ní 55,000 ló kún pápá ìṣeré ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Athletics nílùú Oakland, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ onílé ti fi 11 sí òdo ṣíwájú Kansas City. Nígbà tó yá, àwọn àlejò lé wọn bá, ó di 11 sí 11. Ní ìpele tó kẹ́yìn, wọ́n ní kí Scott Hatteberg bọ́ síta pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ó na bọ́ọ̀lù náà, ó fò kọjá ọgbà, ariwo sọ. Oakland ti borí nígbà ogún léraléra, ohun tí ẹgbẹ́ kankan kò tíì ṣe rí nínú ìpín wọn, American League, títí di alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọkùnrin tó na bọ́ọ̀lù yẹn, àwọn ẹgbẹ́ olówó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Boston ni kó lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń lo igi, kó máa hán bọ́ọ̀lù. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bàjẹ́, kò lè jù ú bó ṣe yẹ mọ́. Billy Beane, máníjà àgbà Oakland, ló pè é, tó sì wá ipò mìíràn fún un. Ohun tí Beane rí lára rẹ̀ ni sùúrù: Hatteberg kì í na bọ́ọ̀lù tí kò dára, nítorí náà ó sábà máa ń dé orí bèèsì, ibùdó tí eléré ń dé kó tó lè jẹ àmì. Lọ́jà ìgbà náà, ẹni tó ń na bọ́ọ̀lù jìnnà ló wọ́n. Onísùúrù pọ̀, owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ó yẹ ká ṣàlàyé ipò yìí, torí pé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀, máníjà náà ni kóòṣì. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, iṣẹ́ méjì ni. Máníjà pápá a máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ bíi ti àwọn eléré, òun ló ń pinnu ẹni tí yóò ṣeré lónìí. Máníjà àgbà wà ní ọ́fíìsì. Òun ló ń rà, tó ń tà, tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ eléré, tó sì ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ yóò tọ́ dàgbà. Ọgbọ̀n ẹgbẹ́ ló wà ní líìgì àgbà, ọgbọ̀n ènìyàn ló sì ń ṣe irú ìpinnu yìí lójoojúmọ́.

Branch Rickey ló la ọ̀nà tí gbogbo wọn ń tọ̀. Nígbà tó wà ní St. Louis ní àwọn ọdún 1920, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lágbára láti bá àwọn olówó du eléré. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹ́ kéékèèké ní àwọn ìlú kéékèèké jọ, kí wọ́n lè máa tọ́ ọmọ fún un. Oko ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ títí dòní, orúkọ náà sì bá a mu: wọ́n ń gbìn, wọ́n ń ro, wọ́n ń dúró de ìkórè. Rickey yìí kan náà ló mú Jackie Robinson wọ ẹgbẹ́ Brooklyn. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, 1947 ni Robinson kọ́kọ́ ṣeré níbẹ̀, ẹni dúdú àkọ́kọ́ ní líìgì àgbà ní ọ̀rúndún ogún.

Láti 1965 ni wọ́n ti ń pín àwọn ọ̀dọ́ fún ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa jù ló sì ń yàn kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n yàn kì í jáde kúrò lóko. Ní 2015, Milwaukee yan Demi Orimoloye, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó dàgbà ní Kánádà. Ọdún pípẹ́ ló lò ní líìgì kékeré.

Ẹni tó bá dé òkè wá bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn. Títí di 1975, ẹgbẹ́ lè di eléré mú títí láé. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Peter Seitz, onílàjà, dá ẹjọ́ tó já ìdè yẹn. Nínú àdéhùn tó tẹ̀ lé e, eléré yóò lo ọdún mẹ́fà kó tó lè lọ síbi tó wù ú. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, iye tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ló lè san, bí kò bá ṣáà ti dín sí iye tó kéré jù, èyí tó jẹ́ 760,000 dọ́là ní 2025.

Ọdún mẹ́fà yìí ni ẹgbẹ́ aláìní fi ń mí. Ní 2002, nǹkan bí mílíọ̀nù 40 dọ́là ni Oakland ń san fún gbogbo eléré rẹ̀. New York Yankees ń san nǹkan bí mílíọ̀nù 125. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 103 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ. Àlàfo náà ti wá fẹ̀ sí i. Ní 2025, owó eléré Dodgers ti Los Angeles lé ní mílíọ̀nù 300. Ti Miami kò tó mílíọ̀nù 80. Owó tẹlifíṣọ̀n ìlú ẹni ló fa èyí: bílíọ̀nù 8.35 dọ́là fún ọdún 25 ni Dodgers fọwọ́ sí ní 2013. Kò sì sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ná ju iye kan lọ. Owó orí ni ẹni tó bá kọjá ààlà ń san.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gba ọ̀nà tó burú. Houston pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún láti 2011 sí 2013, wọ́n fi ń kó ọ̀dọ́ jọ, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní 2017. Ìwádìí wá fi hàn ní 2020 pé wọ́n fi kámẹ́rà jí àmì ìkọ̀kọ̀ àwọn alátakò wò lọ́dún ife ẹ̀yẹ náà.

Máníjà àgbà nìkan kọ́ ló ń wá àṣàmú. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ẹnu kékeré yẹn gan-an ni àwọn tó ń kó káàdì jọ ń wá. Káàdì náà kò ju páálí pélébé kan, àwòrán eléré níwájú, ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà kan rí, ilé iṣẹ́ Topps ti Brooklyn máa ń tà á pọ̀ mọ́ ṣingọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọdé. Èyí tó ṣeyebíye jù lójú àwọn tó ń kó o jọ ni káàdì ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí eléré ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1989, ilé iṣẹ́ Upper Deck fi Ken Griffey Kékeré ṣe káàdì nọ́ńbà kìíní, nígbà tí kò tíì ṣeré kan ṣoṣo ní líìgì àgbà. Fìlà tó dé nínú àwòrán náà, ti ẹgbẹ́ oko ni. Ṣe ni wọ́n tún àwòrán náà ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ti Seattle, ẹgbẹ́ àgbà rẹ̀. Ní 2016, Griffey wọ ilé ìrántí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù.

Àmọ́ ojú kì í fìgbà gbogbo rí i. Ní 1960, Topps da àwọn káàdì 1952 tí kò tà sínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ní 2022, ẹyọ kan nínú àwọn káàdì ọdún 1952, tó ní àwòrán eléré Mickey Mantle, ta ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì, owó eléré àti káàdì, ti pàdé ni ọ̀dọ́ eléré Paul Skenes ti Pittsburgh. Ní oṣù Kẹta 2025, káàdì rẹ̀ kan, tí kò ní èkejì láyé, tí ọmọ ọdún mọ́kànlá kan rí nínú àpò káàdì tó já, ta ní mílíọ̀nù 1.11 dọ́là. Lóòótọ́, Pittsburgh fi mílíọ̀nù 9.2 gbà á wọlé ní 2023, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ fún 2025 kò tó mílíọ̀nù kan. Páálí tó ru àwòrán rẹ̀ wọ́n ju ọdún kan nínú apá rẹ̀ lọ.

Mo gbà pé ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún, mo sì bọ̀wọ̀ fún ojú tí Rickey àti Beane ní. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa fi òógùn rẹ̀ di àlàfo tí owó tẹlifíṣọ̀n dá sílẹ̀. Àdéhùn àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn eléré yóò parí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 2026. Kí wọ́n pín owó tẹlifíṣọ̀n jù bí wọ́n ṣe ń pín in lọ, kí wọ́n sì sanwó fún ọ̀dọ́ nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọgbọ́n nìkan kò tó: nínú iṣẹ́ máníjà àgbà, Beane kò gba ife ẹ̀yẹ líìgì àgbà kan ní Oakland, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án 2024, Athletics ṣeré tó kẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀.