Ẹ Má Fọwọ́ Sí Ohun Tí Ẹ Kò Ṣe

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé okòwò wa kì í ṣe ti owó-orí. Ọ̀rọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọn kì í tẹ̀lé òfin ibi iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí náà ibẹ̀ ni a ó ti mú àpẹẹrẹ.

Ká sọ pé ìwé ìtọ́jú màmá kan sọ pé ènìyàn méjì ni kó máa fi ẹ̀rọ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ẹ jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ń kánjú, ó dá a gbé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó na ìwé sí yín, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i.” Nǹkan kan kò kúkú ṣe màmá. Kí ló wá kù?

Ohun tó kù pọ̀. Àwa tí a ń fi yíyẹ ìwé owó wò jẹun mọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ni ìwé ń bi léèrè. Bí ọgbẹ́ bá yọ lẹ́sẹ̀ màmá lọ́jọ́ kejì, orúkọ yín ló wà níbẹ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gbé e. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bákan náà ni ìwé oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí aláìsàn kò tíì lo oògùn, àti káàdì tí a bá ọ̀rẹ́ tẹ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́. Ti káàdì yẹn tilẹ̀ burú, torí owó wà nínú rẹ̀: iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó gbowó, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Ẹ má sọ pé ọ̀gá ló ni ẹjọ́. Òfin tí wọ́n ń pè ní Health and Safety at Work Act, ti ọdún 1974, sọ ọ́ ní abala 7 pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ohun tó ṣe, tàbí èyí tó kọ̀ láti ṣe, má pa ẹlòmíràn lára.

Síbẹ̀, a kò ní kí ẹ máa sáré tọ máníjà lórí gbogbo nǹkan. Ẹni tó pẹ́ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tó sì jù yín lọ, ẹ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní lè fọwọ́ sí èyí. Àmọ́ lálẹ́ òní, ẹ pè mí, màá wá bá yín gbé màmá.” Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá ìwà ẹni náà ni àbí òṣìṣẹ́ ni kò tó. Bí ènìyàn méjì péré bá ń tọ́jú odidi ilé lóru, ẹ̀bi ẹni tó dá màmá gbé kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àìtó òṣìṣẹ́ ni kí ẹ kọ sí máníjà, ẹ fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Níbi tí ènìyàn bá ti lè fara pa, ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ kò tó mọ́. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, aago, ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí máníjà nípasẹ̀ ímeèlì kó lè ní déètì. Ẹ má ya fọ́tò arúgbó tàbí ìwé rẹ̀ sórí fóònù yín o! Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn. Bí máníjà bá dákẹ́, Care Quality Commission ló ń bójú tó àwọn ilé ìtọ́jú ní England. Ní Scotland, Care Inspectorate ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè wọ́n ní olófòófó. Ẹ̀rù kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: ti àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn so mọ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni Home Office sábà máa ń fún wọn láti rí ẹlòmíràn. A kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin Public Interest Disclosure Act ti ọdún 1998, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999, dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó tú àṣírí irú ewu báyìí síta. Bí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ lé yín, kò sí iye ọdún tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò níbi iṣẹ́ kí ẹ tó pẹjọ́. Ẹ má jáfara: bí ẹ bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ pàṣẹ pé kí owó oṣù yín máa wọlé títí ẹjọ́ yóò fi parí, ọjọ́ 7 péré lẹ ní láti béèrè fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà ni kí ẹ ti gba ìmọ̀ràn. Acas kì í gba kọ́bọ̀ lórí fóònù. Protect náà kì í gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Láti 1993 ni wọ́n ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ pè wọ́n náà.

A kì í ṣe agbẹjọ́rò o, ìṣirò ni iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ká bá òun ka lẹ́tà tóun kọ lè mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kó kọ́kọ́ yọ orúkọ àwọn arúgbó kúrò nínú rẹ̀.