Ìbọn Tí Ó Rọjú Tí Ó Sì Ń Ba Àmì

Ẹni tí ń gbé ní Coconut, lẹ́bàá Àpápá, tí ó sì fẹ́ fi yíyìnbọn sí àmì ṣe eré ìdárayá, kò ní láti ná owó gọbọi. Ìbọn afẹ́fẹ́ tó fún un. Kò gba ẹ̀tù. Irú rẹ̀, tí ìbú ọta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5, ni a ti ń fi díje níbi eré Òlíńpíìkì láti ọdún 1984, ní mítà 10 sí àmì. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń ṣẹ́ ọpá rẹ̀ láti ki ọta ni ó rọjú jù.

Ẹ má ṣe wo dídán ìdí rẹ̀. Níbi tí òfin gbà, ẹ gbé e lé àpò iyanrìn, kí ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún sí ojú kan náà. Bí ihò márààrún bá ṣù mọ́ra, ìbọn rere ni, bí wọn kò tilẹ̀ sí láàárín àmì. Bí wọ́n bá fọ́nká, ẹ pààrọ̀ irú ọta kí ẹ tó dá ìbọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ni ó ṣáájú owó. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò yọ ìbọn afẹ́fẹ́ sílẹ̀: a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ sì yẹra fún ìbọn fàyàwọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè gba ìbọn 661 tí a fi ilẹ̀kùn irin bò nínú kọ̀ńténà kan, lójú ọ̀nà Àpápá sí Mile 2. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ó fi owó rà.