FỌ́TÒ AṢỌ KÌ Í ṢE IṢẸ́ Ọ̀LẸ
Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ ní Mọ̀pà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, òkun o! Bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi ń pè wá ní ará Òkun. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọkọ tó lé ìyàwó jáde. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé girama, tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oníròyìn, ni mo ti rí i pé ẹni tó lè kọ̀wé tí kò lè ya fọ́tò, ààbọ̀ iṣẹ́ ló mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá ọ̀gá kan níbí ní Mọ̀pà pé kí ó kọ́ mi ní fọ́tò, pàápàá fọ́tò aṣọ àti oge.

Ọ̀pọ̀ òbí ni kò ka iṣẹ́ yìí sí. Wọ́n á ní ṣebí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, ta ni yóò tún sanwó fún onífọ́tò? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

ÌMỌ́LẸ̀ ṢÁÁJÚ KÁMẸ́RÀ

Mo rò pé kámẹ́rà ni ọ̀gá yóò kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Rárá o! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òjìji ló ní kí n máa wò. Láago méje àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń wá. Ojú ènìyàn á yọ dáadáa, bí wọ́n ṣe hun aṣọ á sì hàn. Tó bá di ọ̀sán gangan, oòrùn á dúró sórí, kòtò ojú á ṣókùnkùn, imú á ta òjìji sórí ètè. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti máa ń ya oníbàárà lọ́sàn-án. A ó gbé aṣọ funfun sí ọ̀kánkán rẹ̀ kí ó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú. Owó kékeré, iṣẹ́ ńlá.

Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tirẹ̀. Léèsì olókùúta fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kí ó lè dán. Àdìrẹ fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀. Aṣọ òfì fẹ́ kí a sún mọ́ òun kí òwú rẹ̀ lè hàn. Bí fọ́tò bá sọ òfì di ayédèrú, a ti ṣe ẹni tó fi oṣù kan hun ún níkà.

ÀWỌ̀ DÚDÚ ŃKỌ́?

Ẹ gbọ́ èyí ná, nítorí ó ká mi lára. Fíìmù tí wọ́n fi ń ya fọ́tò aláwọ̀ nígbà kan, àwọ̀ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Kodak ti Amẹ́ríkà ti ń fi fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù. Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí ojú Shirley bá ti yọ dáadáa, a jẹ́ pé ẹ̀rọ dára nìyẹn. Tiwa ńkọ́? Ojú wa á ṣókùnkùn, eyín àti ẹyinjú nìkan ni yóò máa tàn. Ẹ sì wá gbọ́ ohun tó mú wọn tún un ṣe: àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń fi igi ṣe àga ló ráhùn pé ọjà àwọn kò yọ dáadáa. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ igi kí wọ́n tó gbọ́ ti ènìyàn! Àní ní 2021 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù Pixel 6 jáde, tí wọ́n ní àwọn tún kámẹ́rà rẹ̀ ṣe kí ó lè ya àwọ̀ dúdú bó ṣe rí.

Ṣùgbọ́n kí á tó bú òyìnbó, ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Màmá télọ̀ kan mú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá, kí a ya á nínú ìró àti búbà tí wọ́n rán, kí òun lè máa fi polówó ọjà. Ọmọ náà dúdú bíi kóró iṣin. Fọ́tò yọ, ó dára. Màmá ní, “Ẹ bá mi sọ ọ́ di pupa díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.” Ọ̀gá mi dá a lóhùn pé, “Mà, aṣọ lẹ fẹ́ tà, àbí àwọ̀?” Màmá rẹ́rìn-ín. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín; ilẹ̀ ló ń wò. Ọ̀gá wá fi fọ́tò náà hàn án bó ṣe wà. Ó wò ó pẹ́, ó ní, “Ṣé èmi rèé?” Bó ṣe rí náà ni a ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ lè fi ìka kan ṣoṣo sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kò dára tó.

AṢỌ Ń SỌ̀RỌ̀

Wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga bí a ṣe ń fi àwòrán bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn onífọ́tò wa àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní 1975, òyìnbó kan, Stephen Sprague, wo iṣẹ́ wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó kọ ọ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni ọ̀kan, tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á ya á. Wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún ya á. Aṣọ nìkan ló ń sọ fún ìyá pé Táíwò rèé, Kẹ́hìndé rèé. Ta ló tún ń bèèrè bóyá aṣọ lè sọ̀rọ̀?

Ẹ tún wo J. D. ’Okhai Ojeikere, ọmọ Emai ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà Brownie kékeré tí kò ní fíláàṣì. Ní 1954 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, inú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1968 ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin wa, onílé gogoro, ṣùkú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, kí irun náà lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Fọ́tò irun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ní 2013, ọdún kan kí ó tó kú, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Venice ní Ítálì. Irun tí àwọn ìyá wa ń dì lábẹ́ igi ni o!

TA NI YÓÒ SANWÓ?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí owó. Ní 2016, TY Bello ń ya olórin Tinie Tempah ní Èkó, ni obìnrin kan tó ru búrẹ́dì bá kọjá lẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn ń bèèrè ta ni. Ọlájùmọ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì nìyẹn, tó di ẹni tí wọ́n ń fi polówó aṣọ. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn ní Èkó lọ́jọ́ náà. Ojú tó mọ ohun tó ń wá ló ṣọ̀wọ́n. Ní London, Nadine Ijewere, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ya fọ́tò iwájú ìwé Vogue, ti oṣù January 2019. Ìwé yẹn ti wà láti 1892.

N kò sọ pé gbogbo wa ni yóò dé Vogue o. Ní Mọ̀pà níbí, télọ̀ ló ń sanwó fún wa, àti aláṣọ, àti onídìrí, àti ìyàwó tuntun. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n owó ni. Wọ́n ní fóònù, wọ́n ṣì ń wá, nítorí fóònù kì í mọ̀ pé gèlè ti ṣẹ́rí.

Ohun kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Bùnú, lágbègbè wa níbí, wọ́n máa ń hun aṣọ pupa kan látijọ́ tó jẹ́ ti ẹ̀yẹ òkú àwọn ènìyàn ńlá. Òyìnbó obìnrin kan, Elisha Renne, ti kọ odindi ìwé lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkun mélòó ló ti fi kámẹ́rà tọ àwọn àgbà tó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ? Aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à á kàn wọ̀ fún ọmọge kí a lè ya fọ́tò faaji. Ẹni tí yóò yà á gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ àgbà, kí ó mọ ìgbà tí wọ́n ń lò ó àti ẹni tó tọ́ sí. Ọmọ onílé ló yẹ kó tètè mọ ìyẹn. Bí àwa bá káwọ́ gbera, àlejò ni yóò máa bá wa sọ ìtàn wa, bó bá sì ṣe yé e ni yóò ṣe sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní fọ́tò lòun fẹ́ kọ́, ẹ má lé e. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ní sùúrù, nítorí iṣẹ́ náà gbà á. Ẹ̀yin télọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ dúdú dúdú nínú fọ́tò. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i kà.